Ilé àtijọ́ etí odò tí wọ́n ti tún ṣe, èyí tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, àbí ilé tuntun: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ ti rí fọ́tò ẹ̀, mo mọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olókùúta lábúlé kan létí odò, òrùlé ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán, fèrèsé gígùn mẹ́rin kọjú sómi, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn lójú odò, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìdílé kan ló ti ń gbébẹ̀ láti ìran dé ìran, pé wọ́n ti tún gbogbo ẹ̀ ṣe látòkè délẹ̀, pé ẹrù nìkan ló kù kẹ́ ẹ kó wọlé. Ọkàn èèyàn á ti fò débẹ̀ kí ojú tó kúrò lára fọ́tò. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára, mi ò sì ní sọ pé kẹ́ ẹ má rà á. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé méjì míì tẹ́ ẹ lè bá lábúlé kan náà létí odò kan náà, ká fi wọ́n wéra dáadáa kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èkíní ni ilé ìdílé tí wọ́n ti tún ṣe yìí, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ilé Tó Ti Múra. Èkejì ni ilé àtijọ́ bíi tiẹ̀, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ìgbà kan náà ni wọ́n kọ́ méjèèjì, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án, ara ògiri ti ń ṣí, fèrèsé kan ti já, àjà ń jò. Ìyẹn ni Ilé Bó Ṣe Wà. Ẹ̀kẹta ni Ilé Tuntun, bíi ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n kọ́ ọ, bíríkì àti sìmẹ́ǹtì, gbogbo igun ẹ̀ gún régé.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ilé Tó Ti Múra ló dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹni tó tún un ṣe bá lè fi ìwé àti fọ́tò hàn yín bó ṣe ṣe é. Tí kò bá lè fi nǹkan kan hàn, Ilé Bó Ṣe Wà sàn jù ú lọ, kódà kómi máa kán sílẹ̀ láti òrùlé ẹ̀, torí egbò tó wà níta gbangba lèèyàn máa ń rí wẹ̀, èyí tí wọ́n fi aṣọ funfun bò ló máa ń pani.

Odò lẹ kọ́kọ́ ń rà, ilé ló tẹ̀ lé e

Èèyàn lè pààrọ̀ òrùlé, èèyàn lè pààrọ̀ ilẹ̀kùn, kódà èèyàn lè wó ògiri kan kó tún un mọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè bẹ odò pé kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó wọ yàrá kankan, ẹ béèrè nípa omi. Ẹ má béèrè pé ṣé omi máa ń wọlé níbí, torí “rárá o” ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Ẹ béèrè pé lọ́dún tí omi ga jù, ibo ló ga dé, ta ló sì fojú ara ẹ̀ rí i?

Wọ́n lè sọ fún yín pé ọkàn yín balẹ̀, pé omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún nìkan ló lè débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ níbí. Kò túmọ̀ sí pé tó bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí, ó di ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó tún ṣẹlẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, ìdá 1 nínú 100 ló ṣeé ṣe kómi ga tó bẹ́ẹ̀, ọdún míì á wọlé, á tún jẹ́ 1 nínú 100, kò sí pé odò ń ka iye ọdún. Tẹ́ ẹ bá wá fi ọdún 30 gbénú ilé náà, tó jẹ́ iye ọdún tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń san lóònù ilé tán, ó ti di nǹkan bíi 26 nínú 100. Ìyẹn ju ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin lọ. Tó bá wá jẹ́ ibi tómi ti ń dé lẹ́ẹ̀kan láàárín ogún ọdún ni, láàárín ọdún 30 ó ti lé ní 78 nínú 100, ẹ kàn mọ̀ pé àlejò yẹn ń bọ̀ ni.

Ibí gan-an ni mo ti máa ń gbè sẹ́yìn ilé àtijọ́. Àwọn tó kọ́lé sétí odò láyé ọjọ́un ò ní pọ́ọ̀mpù, wọn ò ní ìnṣọ́ránsì, ojú ni wọ́n fi ń wo omi láti kékeré, torí náà orí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wá, wọ́n á gbé ilẹ̀ ilé sókè, ẹ óò gun àtẹ̀gùn mẹ́rin márùn-ún kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà, ìsàlẹ̀ á jẹ́ ibi ìkẹ́rùsí, òkè ni wọ́n ti ń sùn. Ilé Tuntun wá ńkọ́? Ẹ wo ibi tó dúró sí. Tó bá jẹ́ orí pápá tó tẹ́jú dáadáa létí omi, ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí gbogbo abúlé fi pa pápá dáadáa báyẹn tì fún igba ọdún tí wọn ò kọ́ nǹkan kan sí i. Wọ́n mọ̀dí ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tìtorí pé ilé ti pẹ́ kẹ́ ẹ wá sùn lọ o. Odò àná kọ́ lodò òní. Wọ́n ti gé igi lókè odò, wọ́n ti fi kọnkéré bo ilẹ̀ tó ń mu omi tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá sì fi ìwọ̀n kan lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì gbóná sí i lè gbé bíi ìdá 7 nínú 100 omi sí i, ìyẹn ló ń sọ òjò di ńlá. Lọ́nà kejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ó ti pẹ́ jù kómi tó tún dé. Ìlú Florence ní Ítálì, odò Arno ya wọ̀lú lọ́jọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1333, ó tún ya wọ̀lú lọ́jọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1966, omi ga ju mítà mẹ́fà lọ láwọn àdúgbò kan, àwọn àmì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri láti fi ibi tómi dé hàn ṣì wà káàkiri ìlú náà, téèyàn bá dúró sábẹ́ ẹ̀ ó máa gbójú sókè kó tó rí i.

Ohun míì tí wọn kì í wò: ibi tí odò ti yípo. Níbi tí odò bá ti tẹ̀ kọrọ, omi máa ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ ìta, á máa gé bèbè ibẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ inú ló ń da yanrìn sí. Ilé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, ẹ lọ wo bèbè, ṣé igi ti ń tẹ̀ sínú omi, ṣé gbòǹgbò ti yọ síta, ṣé ògiri tó di bèbè mú ti là? Ta ló ni ògiri yẹn? Tó bá jẹ́ ẹni tó nilé ló ń tún un ṣe, ẹ ti ra ògiri méjì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn

Mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ wo Ilé Tó Ti Múra kan. Ọ̀dà funfun báláú, ilẹ̀ onípákó tó ń dán bíi dígí, ẹni tó ń tà á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wa pé látọjọ́ tóun ti mọlé yìí omi ò wọ̀ ọ́ rí. À ń lọ láti yàrá dé yàrá, ọ̀rẹ́ mi ti ń fọwọ́ júwe ibi tó máa gbé tábìlì sí. Mo wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, irú èyí tí wọ́n kàn mọ́lé látìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ní híńjì onírin mẹ́ta. Ti òkè dúdú, ó mọ́. Ti àárín náà mọ́. Ti ìsàlẹ̀ ti dógùn-ún, ó pupa, ó ń ṣí bí èèpo igi, ìṣó tó dè é pàápàá ti jẹ tán. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ibẹ̀. Ìlà kan wà lára pákó ẹ̀yìn, ó tẹ́jú bí ẹni fi rúlà fà á, ó ga dé itan mi, ìsàlẹ̀ ìlà yẹn ṣókùnkùn ju òkè ẹ̀ lọ, amọ̀ gbígbẹ ṣì há sáàárín pákó méjì. Wọ́n ti rẹ́ gbogbo ògiri ilé, wọ́n ti kùn ún, inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn nìkan ni wọn ò rántí.

A jáde, a bá màmá àgbà kan níwájú ilé kejì, a kí wọn, mo sì bi wọ́n léèrè. Wọn ò tiẹ̀ rò ó, wọ́n nawọ́ sí òpó afárá, wọ́n ní, “Ṣẹ́ ẹ rí òkúta tó yọ ṣóńṣó yẹn? Ibẹ̀ ló dé. Nígbà tómi lọ tán, ẹja ni mò ń ṣà nínú ọgbà mi.” Ọ̀rẹ́ mi wọ mọ́tò, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé títì ńlá.

Kì í ṣe pé omi wọlé ló dùn mí o. Omi tó wọlé kì í ṣe ẹ̀bi ilé, ilé àtijọ́ létí odò tómi ò wọ̀ rí ṣọ̀wọ́n. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n fi ọ̀dà bo ẹnu ilé náà. Ká ní wọ́n sọ fún wa pé omi dé itan lọ́dún báyìí, pé ohun tá a ṣe nìyí kó tó gbẹ, bá a ṣe gbé wáyà iná sókè nìyí, bóyá ọ̀rẹ́ mi ìbá rà á lọ́jọ́ yẹn.

Ògiri: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ pẹ́ sí jù

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àtúnṣe inú Ilé Tó Ti Múra jẹ́ àtúnṣe tàbí ìpara, ògiri ló máa sọ. Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ǹtì Portland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó tàn káàkiri. Àwọn ilé tó ṣáájú ẹ̀, àti ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ pàápàá, amọ̀ tàbí láìmù ni wọ́n fi mọ wọ́n, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná ńlá tí wọ́n wá fomi pa. Ògiri báyìí kì í dínà mọ́ omi. Ó máa ń mu díẹ̀ látilẹ̀, ó máa ń gba díẹ̀ lára òjò, atẹ́gùn àti oòrùn á sì fà á jáde lára ẹ̀. Ó ń mí ni.

Bíríkìlà kan á wá dé pẹ̀lú ọkàn rere, á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ẹ̀ nínú àti níta, á fi ọ̀dà onírọ́bà kùn ún. Ó rẹwà. Ògiri ò lè mí mọ́. Omi tó ń bọ̀ látilẹ̀ ò dúró, ọ̀nà tó ń gbà jáde síta ló ti dí, nítorí náà á máa gùn sókè nínú ògiri, á gbé iyọ̀ ilẹ̀ dání, á dé ibi tí orí ìtì àjà ti wọnú ògiri, ibẹ̀ ni ìjẹrà á ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì ní rí i. Sìmẹ́ǹtì tún le ju bíríkì àtijọ́ lọ, nígbà tílé bá ń yíra díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé ṣe ń ṣe, láìmù á gbà fún un, sìmẹ́ǹtì ò ní gbà, bíríkì fúnra ẹ̀ ló máa fọ́. Mo ti rí ògiri tí sìmẹ́ǹtì àárín bíríkì yọ jáde bí eyín, tí bíríkì ti jẹ wọnú lẹ́yìn ẹ̀, ó ṣeni láàánú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ fi ìka ọwọ́ tẹ́ ẹ ká kan ògiri bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá dún bí agbè òfìfo, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti kúrò lára ògiri. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, tó bá tutù ní orúnkún tó sì gbóná díẹ̀ ní àyà, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wá ìyẹ̀fun funfun tó ń hu lára ògiri, iyọ̀ ni. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha ohun tó wà láàárín òkúta níta, láìmù á yẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ á mọ́lẹ̀ bí ti yanrìn, sìmẹ́ǹtì á le bí irin, á sì rí bí eérú. Ẹ gbóòórùn náà: ilé tí wọ́n fín turare sí káàkiri tí wọ́n sì ṣí gbogbo fèrèsé ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bọ̀, ẹ ní kí wọ́n ti fèrèsé kan, kẹ́ ẹ dúró sí yàrá yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Tí omi bá ti wọlé rí, ẹ béèrè déètì méjì: ọjọ́ tómi jáde, àti ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ ògiri. Òdiwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ máa ń lò ni pé ògiri olókùúta máa ń gba nǹkan bí oṣù kan kí íǹṣì kan ẹ̀ tó gbẹ. Ògiri tó nípọn tó íǹṣì 18, ọdún kan àbọ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ní omi jáde lóṣù Kejì tí wọ́n sì ti kùn ún tán lóṣù Kẹfà, omi wà nínú ògiri yẹn, wọ́n kàn sé e mọ́bẹ̀ ni.

Ẹ wá fi ìyẹn wé Ilé Bó Ṣe Wà. Ògiri ẹ̀ burú lójú, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ló hàn. Ẹ rí ibi tó là, ẹ rí ibi tómi dé, láìmù àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè mú díẹ̀ fún oníṣẹ́ kó fi po irú ẹ̀. Ilé Tuntun sì gbẹ, ó dúró ṣánṣán, kò ní wàhálà kankan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ ọjọ́ tómi bá wọ̀ ọ́ lẹ máa rí ìyàtọ̀. Bọ́ọ̀dù jípúsọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe ògiri inú máa ń fa omi sókè bí òwú, ohun tí wọ́n kì sáàárín ògiri láti dá òtútù dúró á mu omi yó, kíkó dànù ni. Òkúta àti láìmù, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣí fèrèsé, á gbẹ, á sì dúró. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé létí odò, ilé tó ti pẹ́ lè lágbára ju èyí tí wọ́n kọ́ lánàá lọ, tí wọn ò bá ṣá ti fi sìmẹ́ǹtì pa á.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tòní. Lọ́dún 1877 ni William Morris, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ sílẹ̀ ní London, torí inú ń bí wọn sáwọn tó ń ha ara ilé àtijọ́ kúrò lórúkọ àtúnṣe. Lọ́dún 1964, àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pàdé ní Venice ní Ítálì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí ìméfò bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí àtúnṣe ti dúró. Ẹ fi ìyẹn wo Ilé Tó Ti Múra: ṣé wọ́n mọ bí fèrèsé yẹn ṣe rí tẹ́lẹ̀, àbí wọ́n kàn fi ohun tó bá fọ́tò mu síbẹ̀?

Igi, wáyà àti páìpù

Igi tó gbẹ lè lo ẹgbẹ̀rún ọdún. Tí omi inú ẹ̀ ò bá ti kọjá ìdá 20 nínú 100, olú tó ń jẹ igi ò lè rí ààyè. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń gún mọ́ igi láti wọn èyí, sọ̀fíyọ̀, ìyẹn ẹni tó ń báni yẹ ilé wò, tó bá mọṣẹ́ á mú un dání. Ẹ̀yin náà ẹ mú skurudráífà kan dání, ẹ gbàṣẹ, kẹ́ ẹ fi ti orí ìtì igi níbi tó ti wọnú ògiri, tó bá wọlé bí ìgbà téèyàn ń gún ọṣẹ rírọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ wo ilẹ̀ àjà bóyá èérún igi lúbúlúbú wà lábẹ́ ihò kékeré, kòkòrò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti fín fóòmù bo gbogbo abẹ́ òrùlé, ara mi kì í balẹ̀ rárá, torí kò sẹ́ni tó lè rí igi abẹ́ ẹ̀ mọ́, àwọn báǹkì míì ò tiẹ̀ ní yá yín lówó lórí ẹ̀.

Ọ̀dà àtijọ́ náà wà ńbẹ̀. Òjé, tó jẹ́ májèlé, wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ọjọ́un, Amẹ́ríkà ò fòfin dè é nínú ilé gbígbé àfi lọ́dún 1978. Ilé Bó Ṣe Wà lè kún fún un, torí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń ha á.

Ibi tí ẹni tó tún ilé etí odò ṣe dáadáa ti máa ń yàtọ̀ ni wáyà. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ bíi ti ilé yòókù, ẹni yẹn ò rò nípa omi rárá. Tó bá wà lókè ìbàdí, tí wáyà ń bọ̀ látòkè wálẹ̀, tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́ òkúta tàbí táìlì, tí páìpù ìdọ̀tí ní fáàfù tí kì í jẹ́ kómi padà wọlé, ẹ fọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó mọ ohun tó ń ṣe. Pákó tí wọ́n fi ń dí ẹnu ọ̀nà nígbà omi náà dáa, àmọ́ tómi bá ti kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 lára ògiri, kò dáa kẹ́ ẹ ṣì máa dí i, agbára omi níta lè wó ògiri, ó sàn kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọlé.

Ìwé àti owó

Ìwé ilẹ̀ tí kò lẹ́jọ́ nínú, ìyẹn ti gbogbo ilé ni, lọ́yà yín mọ̀ ọ́n. Ti ilé àtijọ́ tún ní ọ̀kan lórí: ṣé ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ilé ìtàn? Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì o, ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ yín ṣe tiyín. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni dé kóòtù ni kéèyàn yí irú ilé bẹ́ẹ̀ pa dà láìgbàṣẹ, wọ́n sì lè ní kẹ́yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á tún ohun tí ẹlòmíì bà jẹ́ ṣe. Ní Faransé, tí ilé ìtàn kan bá wà nítòsí, láàárín 500 mítà, ẹ lè nílò àṣẹ kẹ́ ẹ tó yí ojú ilé tiyín pa dà. Ní Amẹ́ríkà, pé orúkọ ilé wà nínú ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń kọ àwọn ilé ìtàn sí ò dí ẹni tó ń náwó ara ẹ̀ lọ́wọ́, òfin ìlú tàbí ti àdúgbò ló lè dí i. Torí náà fún Ilé Tó Ti Múra, ẹ ní kí wọ́n kó àwọn àṣẹ tí wọ́n gbà jáde, kẹ́ ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ilé Bó Ṣe Wà ò ní irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn lọ́rùn, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa tọrọ gbogbo àṣẹ, ó sì lè gba oṣù púpọ̀.

Tọ́rọ̀ bá di tówó, ti Ilé Tó Ti Múra wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ ẹ mọ iye ẹ̀. Ti Ilé Bó Ṣe Wà rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó mọ iye ẹ̀ tán. Iye yòówù tí kọńtíráátọ̀ bá kọ, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́ lé e lórí, ó kéré tán, torí ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀ ilé lẹ máa mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ tún rántí pé ẹ óò máa sanwó ibòmíì tẹ́ ẹ ń gbé ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ẹ gba iye ìnṣọ́ránsì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ìbéèrè yìí ló máa ń da ìpinnu rú jù. Ní Britain, ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016 kí ìnṣọ́ránsì omíyalé má bàa wọ́n jù ò gba ilé tí wọ́n kọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2009 síwájú, ẹ wò ó, Ilé Tuntun ló bọ́ sẹ́yìn níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìnṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba sábà máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè rà á nígbà tí òjò ti ṣú.

Gbígbé ibẹ̀ lójoojúmọ́

Ọ̀nà mọ́tò máa ń rì kílé tó rì. Omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 lásán lè gbé mọ́tò kékeré kúrò lójú ọ̀nà, torí náà ẹ béèrè ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà jáde. Tí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ wo bí ọgbà ṣe pàdé omi, kí ẹnì kan dúró sídìí fèrèsé kíṣìnì bóyá ó lè rí etí odò látibẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ló máa gbébẹ̀, àtẹ̀gùn tó ń gba ilé àtijọ́ lọ́wọ́ omi yẹn náà ló máa yọ wọ́n lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́, Ilé Tuntun rọrùn fún wọn ju méjèèjì lọ.

Ó dọwọ́ yín

Ẹni tó niṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, tó lówó lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì fẹ́ràn ilé tó ní ìtàn, Ilé Tó Ti Múra ni kó rà, pẹ̀lú àpò ìwé ẹ̀: fọ́tò ògiri nígbà tí wọ́n ṣí i sílẹ̀, rìsíìtì láìmù, orúkọ àwọn oníṣẹ́, àwọn àṣẹ, déètì omi. Ẹni tó ní sùúrù, tó ní káfíńtà àti bíríkìlà tó mọ láìmù po, tó sì lè gbé ibòmíì fún ọdún méjì, Ilé Bó Ṣe Wà á fún un ní ilé tó mọ gbogbo egungun ara ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ jí lóru láti fetí sí odò, kó ra Ilé Tuntun, tó bá ti rí i pé orí ilẹ̀ gíga ló wà.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa padà wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ wọ bàtà rọ́bà. Ẹ wo ibi tómi dúró sí nínú ọgbà, ẹ wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Tí wọ́n bá ní kò sáyè, pé ẹlòmíì fẹ́ sanwó lónìí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì yẹn san án.